Sílíńdà ìpaná ìrántí fún ọjà Kubwa: ẹ bá wa dá sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ panápaná ni bàbá wa tó papò dà. Dípò aṣọ ẹbí àti ìnáwó ìrántí ọdún kan ikú rẹ̀, sílíńdà ìpaná mẹ́rin, èyí tó ń fi ìyẹ̀fun pa iná, kílò 6, la fẹ́ gbé sí ọjà kan ní Kubwa.

Oòrùn Abuja ló ń dà wá láàmú. Ara páànù ni wọ́n ní ká kọ́ ọ sí. Ooru á jẹ rọ́bà ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú á sì máa jò. Bí ọmọ kan bá tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Ìyẹ̀fun á há sẹ́nu fáàfù, kò ní dé mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ gééjì tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ hàn á kúrò lórí àwọ̀ ewé bọ́ sórí pupa.

Ṣé kí àpótí tí a máa gbé sílíńdà sí ní àgádágodo? Iná kì í dúró de ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Àbí gíláàsì tó ṣeé fọ́ ló dáa? Ta ló yẹ kó máa wo gééjì lóṣooṣù, ìyálọ́jà ni àbí ọlọ́dẹ?

Orúkọ bàbá yóò wà lára àpótí, 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká fi Haúsá kún un?