Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá, ìyá ọkọ mi ní kí n rántí Jacinda

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ibi iṣẹ́ mi fẹ́ fi mí ṣe ọ̀gá ẹ̀ka wa. Láti ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà ti wà nínú báàgì mi, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Màmá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, Jacinda, obìnrin tó ṣe olórí ìjọba New Zealand nígbà kan ńkọ́? Ṣebí torí ọmọ ló ṣe gbé e sílẹ̀?" Mi ò rí nǹkan kan fọ̀.

Ọmọ mi ti pé ọdún márùn-ún. Bí mo bá pẹ́ dé, á ti sùn, á sì ti fi dòdò méjì dè mí lábẹ́ àwo. Bí mo bá ti ṣí àwo yẹn, omi á bọ́ lójú mi.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Orí ipò ni Jacinda Ardern wà tó fi bímọ, oṣù kẹfà 2018. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi sinmi. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó gbé ọmọ dání lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, bàbá ọmọ ló ń bá a gbé e. Oṣù kìíní 2023 ló tó kúrò, lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti àjàkálẹ̀ Kòrónà. Ó ní agbára tí òun fi ń ṣe é ti tán. Ó tún sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun á wà níbẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìyẹn nìkan làwọn èèyàn gbọ́, ó sì ń dùn mí.

Bàbá Tọ́lá: Ọkùnrin ni John Key, òun náà kọ̀wé fi ipò yẹn kan náà sílẹ̀ lóṣù kejìlá 2016, ó sì mẹ́nu ba ìyàwó àti ọmọ. Ta ló tìtorí ẹ̀ sọ fún èmi pé kí n má ṣe ọ̀gá?

Àǹtí Bísí: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rọra tì í. Èmi gba irú ipò yẹn, mo fi í sílẹ̀ láàárín ọdún kan, torí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ìpàdé. Àbúrò mi, bi wọ́n léèrè ìyẹn kó o tó fọwọ́ sí i. Ta ni yóò máa lọ mú ọmọ ní sùkúù?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ mi ní òun á máa mú un lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lọ́la ni mo máa béèrè ọ̀rọ̀ ìpàdé. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, mo máa lọ kúnlẹ̀ bá màmá, kí n ṣàlàyé fún wọn.