Guangzhou: Huangpu ni àbí Nansha?

Abíọ́lá: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Guangzhou ní Ṣáínà ni mo wà láti àná, aṣọ ọmọdé ni mo wá rà. Wọ́n ní ìlú èbúté ni, mo rin etí odò títí ẹsẹ̀ ń ro mí, mi ò rí ọkọ̀ ẹrù kan! Ẹnìkan ní Huangpu ni kọ̀ntẹ́nà mi máa gbà lọ sí Apápá, ẹlòmíì ní Nansha. Èwo ni ká gbà?

Bàbá Ìbejì: Kú ìrìn, àbúrò. Ọkọ̀ ńlá ò dé àárín ìlú yẹn láti ayébáyé. Ní 1757, Ọba Qianlong pàṣẹ pé Guangzhou nìkan ni àwọn òyìnbó tó ń gba orí òkun wá ti lè ṣòwò. Síbẹ̀, Huangpu ni ọkọ̀ wọn ń so mọ́. Ọkọ̀ kéékèèké ló ń kó tíì àti sílíìkì wá bá wọn níbẹ̀ láti Shisanhang, ìyẹn ilé òwò mẹ́tàlá tó wà létí odò. Iná jó àwọn ilé náà ní 1856, orúkọ ò jóná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta aṣọ ní dọ́sìnnì dọ́sìnnì báyìí. Kùtùkùtù ni kó o débẹ̀ o.

Ìyá Símisọ́lá: Bàbá Ìbejì àti ìtàn! Èbúté lọmọ ọlọ́mọ béèrè 😂

Bàbá Ìbejì: Èbúté náà ni mò ń bọ̀ sí, ìyá. Bí ọkọ̀ ṣe ń tóbi sí i ni èbúté ń sún lọ sápá òkun. Ní 2004 wọ́n ṣí ti kọ̀ntẹ́nà ní Nansha, nítòsí ẹnu odò. Tí wọ́n bá di ẹrù rẹ sí Huangpu, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré ló máa tún gbé e lọ bá ọkọ̀ ńlá, bíi ti ayé Qianlong gẹ́lẹ́. Jẹ́ kí oníṣòwò kọ orúkọ èbúté sínú ìwé kó o tó san àsansílẹ̀, torí owó tírélà láti ilé iṣẹ́ wọn débẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìyá Símisọ́lá: Abíọ́lá, ṣé òtẹ́ẹ̀lì lo dé sí? Tó bá jẹ́ ilé ojúlùmọ̀ ni, wákàtí 24 péré lo ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Abíọ́lá: Òtẹ́ẹ̀lì ni, mà. Ẹ wò ó, "FOB Guangzhou" lásán, ìyẹn pé àwọn oníṣòwò ló máa gbé ẹrù dé inú ọkọ̀ ní Guangzhou, ló wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi, wọn ò sọ bóyá Huangpu ni àbí Nansha! Mo ń pè wọ́n báyìí.