Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mi ò mọ ohun tí mo wá ṣe láyé mọ́

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ Àìkú.

Àbúrò ìyàwó mi ló dá a sílẹ̀. Níbi ìkómọ tá a lọ ní Ìjàpọ̀, níwájú àlejò, ó ní, "Bùọ̀dá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ tún ń ṣe báyìí?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tá a jọ jáde ní FUTA, yunifásítì tó wà l'Àkúrẹ́, ti kọ́lé sí Ọbá-Ilé, ó gbé fọ́tò òrùlé ẹ̀ sí WhatsApp. Lánlọ́ọ̀dù wa tún fowó kún owó ilé, bẹ́ẹ̀ omi kì í yọ mọ́ tó bá ti di aago méje àárọ̀.

Mo ti ṣe tíṣà, mo ti ṣe POS, mo kọ́ fóònù títúnṣe dé ìdajì. Èyí tí mo wá rò pé ó jẹ́ tèmi, tí mo búra pé torí ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá mi, òun náà ti sú mi. Mo fẹ́ jáwọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ fún mi lówó tí mo bá gbé e sílẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tó wá ṣe láyé? Tó bá sì mọ̀ ọ́n, báwo ló ṣe ń dúró tì í?

Màmá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ wo ni èyí tó sú ọ? O ò dárúkọ ẹ̀.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Iṣẹ́ mẹ́rin, kò sí èyí tó o ṣe parí! Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìwà ọ̀lẹ leléyìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyànmọ́.

Télọ̀ Yàbá: Èmi fi ọdún mẹ́ta kọ́ aṣọ rírán ní Òǹdó. Lẹ́yìn fíríìdọ̀mù, mo pa máṣíìnì tì fún ọdún mẹ́fà, mo ń ta òkìrìkà. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọmọ mi ra yúnífọ́ọ̀mù tí owó ò sí, mo bu epo sí máṣíìnì yẹn. Bí mo ṣe gbọ́ ìró ẹ̀, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà mi ò fi í sílẹ̀ mọ́.

Bàbá Awo: Orí lẹ ń bèèrè. Nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì, àwọn mẹ́ta ló lọ mú orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí kí èèyàn tó wá sáyé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì kánjú, wọ́n fojú yan orí, òjò sì rẹ́ ẹ dànù lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ dúró yanjú gbèsè tí Àjàlá jẹ, Àjàlá fúnra ẹ̀ ló wá bá a yan èyí tó dára.

Ọmọ Jésù: Ẹ fi Àjàlá sílẹ̀, Bàbá. Kó ka Jeremáyà 1:5.

Bàbá Awo: Ohun tí mo sọ náà ló wà níbẹ̀: wọ́n ti yàn án kó tó wáyé.

Ọmọ Jésù: Rárá o, kì í ṣe ohun kan náà.

Télọ̀ Yàbá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹni yìí ò bèèrè ìyẹn.

Ọmọ Òkè-Àró: Mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ, sà. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe tíṣà ò sanwó oṣù márùn-ún, ẹ má fìyẹn kún un. Kòkó ni mò ń sọ. Éékà mẹ́rin, lójú ọ̀nà Bólọ́runduró. A fọwọ́ ara wa ṣán igbó ẹ̀. A gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kó lè ṣíji bo ọmọ kòkó. Lẹ́ẹ̀rùn àkọ́kọ́, a pọn omi láti odò títí èjìká fi bó.

Àgbẹ̀ Òwenà: Ọdún wo? Irú kòkó wo?

Ọmọ Òkè-Àró: 2022, sà. Irú tuntun tó ń tètè so.

Àgbẹ̀ Òwenà: Kòkó àwọn bàbá wa lè pé ọdún márùn-ún kó tó so. Irú tuntun kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ti yọ òdòdó?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: O fẹ́ ta kòkó ọlọ́dún mẹ́ta! Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Àwọn tó ti gé tiwọn ń fìka àbámọ̀ bọnu.

Télọ̀ Yàbá: Owó yẹn ti já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ torí owó nìkan ló fi máa dúró, á tún sá.

Ọmọ Òkè-Àró: Kí n tètè sọ pé ìyàwó mi kì í ṣèèyàn burúkú o. Òun ló ń gbé owó oúnjẹ kalẹ̀ báyìí.

Àgbẹ̀ Òwenà: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Òdòdó ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Àró: Mi ò mọ̀, sà. Mi ò débẹ̀ láti oṣù kẹta.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ìgbà òjò! Igbó á ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìwọ wá ń bi Ọlọ́run léèrè ohun tó o wá ṣe láyé?

Màmá Ìbejì: Ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ mi, "mo ṣe tíṣà, mo ṣe POS" lo kọ lókè. Nígbà tó kan kòkó, o ní "a ṣán, a gbin, a pọn." Ìwọ àti ta ni?

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ kú àárọ̀, mà. Mi ò lè dáhùn lálẹ́ àná.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló mọ kòkó. Èmi máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn fún un, òun á sì fín in. Lóṣù kẹta, ó kúrò lóko nírọ̀lẹ́, ó gun ọ̀kadà, ọkọ̀ gbá wọn kí wọ́n tó dé Òwenà. Bàtà òjò ẹ̀ ṣì wà nínú ahéré. Ibi tó bọ́ ọ sí ni mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè lọ.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún: Àbúrò, dákun, foríjì mí. Mo ti sọ̀rọ̀ jù. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ̀gbọ́n sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Jésù: Àmín o. Olúwa á tù yín nínú.

Télọ̀ Yàbá: Ṣé ìyàwó yín mọ̀ pé torí bàtà yẹn ni?

Ọmọ Òkè-Àró: Rárá, mà. Mo sọ fún un pé kòkó ò lérè.

Màmá Ìbejì: Sọ fún un lónìí. Ẹ̀rín tó rín yẹn, kò mọ ohun tó ń fi rẹ́rìn-ín.

Àgbẹ̀ Òwenà: Ẹ má tíì gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà. Kì í ṣe kòkó ló sú yín. Mò ń lọ sí Bólọ́runduró ní Sátidé. Ẹ wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, ẹ sọ̀ ní Òwenà, ká jọ lọ. Tá a bá dé etí oko, ẹ dúró, èmi á kọ́kọ́ wọ ahéré, máa kó bàtà náà kúrò. Lẹ́yìn náà la ó wo òdòdó.

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ má kó o kúrò, sà. Aago mélòó?

Àgbẹ̀ Òwenà: Méje àárọ̀. Ẹ mú àdá dání.