"Gba Kámú", "Ìgbàyípadà" àbí "Àmúmọ́ra"? Lórí àwọn tó ń gbá FIFA tó ti di FC

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan gbé gbólóhùn kan síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń kọ àròkọ lórí géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀ sí FIFA, tó wá di EA Sports FC lọ́dún 2023, wọ́n sì fẹ́ sọ ní Yorùbá pé àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà tipẹ́tipẹ́ ti gba àyípadà tó dé bá a. Ohun tí wọ́n kọ ni pé "àwọn ògbólógbòó olólùfẹ́ FIFA ti gba kámú." Àbúrò wa kan dá wọn lóhùn pé "gba kámú" kò bá a mu, ó sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún un, ìyẹn "ìgbàyípadà." Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, torí ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tuntun náà. Bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ bá òfin èdè mu, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ pè é sókè sí etí ẹni tí kò rí i lórí ìwé, ohun tí onítọ̀hún máa gbọ́ ni "ìgbà yí padà." Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí "ìgbà" tó túmọ̀ sí àkókò, méjì kan náà ló sì wà lórí "ìgbà" tó ti ara "gbà" wá. Ẹni tó fẹ́ sọ pé èèyàn gba àyípadà á wá dà bí ẹni tó ń sọ pé àkókò ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ò lè lò láìjẹ́ pé ó dúró ṣàlàyé rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi kún èyí tó wà nílẹ̀.

"Gba kámú" ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ẹni tí nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí òfò ṣẹ̀, ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, ni a ń bẹ̀ pé kó gba kámú, kó gba kádàrá. Kí ló wá bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá FIFA? Ilé iṣẹ́ EA (Electronic Arts) ló ń ṣe géèmù náà láti 1993 tí àkọ́kọ́ rẹ̀ ti jáde, orúkọ àjọ FIFA ni wọ́n kàn ń lò. Nígbà tí àdéhùn lórí orúkọ náà kò ṣeé sọ dọ̀tun mọ́, EA kéde ní oṣù karùn-ún 2022 pé àwọn á fi í sílẹ̀. FIFA 23 ni ìkẹyìn, ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2023 sì ni EA Sports FC 24 dé ọjà. Ìdíje Ife Àgbáyé bá orúkọ náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Premier League wà níbẹ̀, Champions League wà níbẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ń jẹ́ orúkọ tí ìyá àti bàbá wọn sọ wọ́n. Àdánù díẹ̀ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ bá èèyàn kẹ́dùn.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan nítòsí ilé wa n'Íbàdàn ní Sátidé, torí mi ò fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí rò nínú yàrá mi. Ọmọkùnrin méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kan ti fi téèpù dúdú wé wáyà pádì rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ já. FC 24 ló hàn gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n FIFA ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi ẹni tó ń gba owó pé kí lorúkọ géèmù yìí. Ó ní, "Bàbá, FC ló ń jẹ́, FIFA là ń pè é."

Ẹ gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe ya "jẹ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "pè", láìronú rárá. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀: ohunkóhun tí ì báà wà lára páálí, Omo la ń pe ọṣẹ ìfọṣọ tó bá ti jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Ọmọ náà kò sunkún orúkọ tó lọ, kò sì gba kámú. Géèmù tuntun náà ti mọ́ ọn lára, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó tọ́ fún gbólóhùn ẹ̀gbọ́n wa: kí nǹkan mọ́ni lára. Ìṣòro kan ṣoṣo tó ní ni pé a ò lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ bó ṣe wù wá, torí "ìmọ́lára" á fara kọ́ "ìmọ̀lára" tí a ti ń lò fún ohun tí èèyàn ń rò lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kó wà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe.

"Àmúmọ́ra" ńkọ́, tí ẹlòmíràn dárúkọ gẹ́rẹ́? Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ti wúlò. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni PES, géèmù bọ́ọ̀lù mìíràn tí ilé iṣẹ́ Konami ti orílẹ̀-èdè Japan ń ṣe, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí eFootball ní 2021. Nígbà tó jáde lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù rí wúruwùru, ìrìn wọn kò gún, ohun tí èèyàn lè ṣe nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan, débi pé Konami fúnra wọn tọrọ àforíjì. Àwọn tó dúró tì í, tí wọ́n ń retí àtúnṣe, àwọn yẹn ló ní àmúmọ́ra, torí ohun tó ń dunni ni à ń mú mọ́ra. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀, PES àtijọ́ ni wọ́n ń gbá lórí fóònù wọn títí di òní.

Ó ku "ògbólógbòó." A máa ń yin ọdẹ pé ògbólógbòó ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn òde òní, olè àti gbájú-ẹ̀ ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, mi ò sì fẹ́ kí òǹkàwé kọ́kọ́ rò ó sí ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ gbólóhùn náà, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́: "Àwọn tó ti ń gbá FIFA bọ̀ látọjọ́ pípẹ́, FC ti mọ́ wọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àtijọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu wọn." Ó gùn ju ti ẹ̀gbọ́n wa lọ, mo mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, ǹjẹ́ ẹ̀ka èdè yín ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan tó ti mọ́ni lára ṣùgbọ́n tí ẹnu ẹni kò tíì gbà láti pè?