Ìgbà wo ló yẹ ká gbà kí wọ́n wọ́n kẹ́míkà sí epo tó dà sójú òkun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láfẹ́nwá níbí, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti ń ta ẹja, àmọ́ apẹja ni ẹbí ọkọ mi ní etíkun Ìlàjẹ. Wọ́n fẹ́ ṣèpàdé lórí ohun tí ìlú máa sọ bí epo rọ̀bì bá dà sómi, wọ́n sì ní kí n bá àwọn béèrè nípa kẹ́míkà tí bàálù máa ń wọ́n sórí epo.

Kẹ́míkà yẹn kì í kó epo kúrò. Ńṣe ló ń tú u sí wẹ́wẹ́, bí ọṣẹ ṣe ń tú ọ̀rá ara ìkòkò, kó lè wọnú omi, kí kòkòrò àìfojúrí jẹ ẹ́. Ẹyẹ lè bọ́, ṣùgbọ́n ẹyin ẹja àti ọmọ ẹja ló máa fara gbá a. Epo tó dà ní Bonga, ibi tí Shell ti ń wa epo lójú òkun wa, lọ́dún 2011, agbami tó ju 100 kìlómítà sí etíkun ló ti dà. Wíwọ́n kẹ́míkà níbẹ̀ yé mi, bí epo ò bá tíì ki. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ agbépo Torrey Canyon fọ́ nítòsí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1967, kẹ́míkà tí wọ́n dà sétí òkun láti tú epo náà pa ẹ̀dá ibẹ̀ ju epo lọ. Tòde òní kò le tó tìgbà yẹn, lóòótọ́.

Omi Ìlàjẹ ò jìn létí, ibẹ̀ sì ni ọmọ edé ti ń dàgbà. Edé tí mò ń fi kóńgò wọ̀n lọ́jà, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ nípa ẹja ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, ṣé jíjìn omi la máa wò ni, àbí jíjìn sí etíkun? Bí epo bá sì ti ń bọ̀ wá sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.