Sprocket (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) iwájú ni kí n dín kù àbí kí n fi kún tẹ̀yìn?

Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀kadà Yamaha YZ125 ni mo ń gùn nínú igbó olókè ní Wales níbí, eyín 13/48 (13 níwájú, 48 lẹ́yìn) ló wà lára ẹ̀. Tí ọ̀nà bá ti há tó tún ga báyìí, gíà kejì á wúwo, á kàn máa húkọ́, tí n bá já a sí kìíní òun náà á ké parí kíá, kílọ́ọ̀ṣì ni mo wá ń tẹ̀ títí ìka á fi máa ro mí. Mo ti fọ kabúrétọ̀, mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, pàbó. 12/48 àti 13/52, ọgbọọgba ni mo ṣírò wọn sí. Ti iwájú ò wọ́n, àmọ́ wọ́n ní ṣéènì á tètè jẹ. Tẹ̀yìn lè fẹ́ ṣéènì tó gùn sí i, owó ṣáà nìyẹn. Èwo lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ tiyín? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an o.