"Lẹ́tà iwin" ni, àbí "lẹ́tà bojúbojú"?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, mo kí yín o. Ẹnìkan béèrè orúkọ tí à bá máa pe irú lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ yà kọ́lọkọ̀lọ, tó ń kán tó-tó-tó bí ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ àkọlé eré abanilẹ́rù, síbẹ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín. Èsì méjì ló ti wọlé: "lẹ́tà Èṣù" àti "lẹ́tà iwin".

Ẹ̀gbọ́n tó mú "lẹ́tà Èṣù" wá, ẹ má bínú, n kò lè bá yín dé ibẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló fi orúkọ Èṣù òrìṣà túmọ̀ "devil" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé àwa náà á tún wá dì kún ẹrù yẹn ni?

"Iwin" sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù nìkan ló gbé, kò gbé eré. Bojúbojú ni mo fara mọ́ ní tèmi. Nínú eré yẹn, wọ́n á ní Olórò ń bọ̀, àwọn ọmọ á sá pamọ́, àyà á máa já, ẹ̀rín á sì máa bọ́ lẹ́nu wọn. Irú ẹ̀rù yẹn gan-an ló wà lára lẹ́tà wọ̀nyí.

Ẹlòmíràn á ní lẹ́tà wà fún kíkà, kò yẹ kó bo ojú. Ó dáa, ẹ mú Nosifer, ọ̀kan lára irú lẹ́tà ẹlẹ́jẹ̀ yìí, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts, kí ẹ fi kọ odindi ojú ìwé kan, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ojú yín ò bò! Lẹ́tà àkọlé ni: ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta, gàdàgbà-gadagba, lórí pátákó ìpolówó tàbí èèpo ìwé. ("Fọ́ǹtì" ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún fáìlì tí à ń gbé sórí kọ̀ǹpútà.)

Èyí tó dùn mí jù rèé. Mo fi ọ̀kan lára wọn kọ "Oko Iwin". Ẹ̀jẹ̀ kán lábẹ́ o méjèèjì, ló bá di "Ọkọ Iwin". Mo fẹ́ kọ nípa oko, mo wá fẹ́ aya fún ẹni ẹlẹ́ni.

Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Àmì gbọ́dọ̀ wá gùn wọ́n lórí ni. Bí ayàwòrán ò bá ya àmì náà, kọ̀ǹpútà lè lọ yá a lára fọ́ǹtì mìíràn. Lẹ́tà á máa ṣẹ̀jẹ̀, àmì á dúró gbọnrangandan lórí rẹ̀ bí ọlọ́pàá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ya lẹ́tà bojúbojú fún Yorùbá, kó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa kán lára b, d, h àti k. Kó jọ̀wọ́ fi ìdí e, o àti s sílẹ̀ fún wa.